Ẹ̀rùn Dé, Wọ́n Tú Títì, Bọ́ọ̀lù Náà Bẹ̀rẹ̀: Ohun Tó Ń Dí Ọ̀nà Pápá Ìṣeré ní Adó-Èkìtì

Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí a wọ mọ́tò ní Ìkẹ́rẹ́, èmi àti ọmọ àbúrò mi, ọmọbìnrin ọlọ́dún méje. Aago mẹ́rin ni bọ́ọ̀lù máa bẹ̀rẹ̀ ní Pápá Ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé ní Adó-Èkìtì. Àwọn obìnrin ló fẹ́ gbá a, ọmọ náà sì ti ń ka ọjọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ìkẹ́rẹ́ sí Adó kò tó 20 kìlómítà. Ẹni tó bá jáde ní aago méjì, kódà kó máa rìn jẹ́jẹ́, ó yẹ kó ti jókòó, kó ti ra ẹ̀pà, kó sì ti yan ibi tí òòrùn ò ní pa á, kí rẹfirí tó fọn fèrè.

Nígbà tí a fi máa dé ẹnu géètì, wọ́n ti gbá apá kìn-ín-ní tán. Bàtà funfun tí ìyá ọmọ náà fọ̀ fún un ti pọ́n bí epo, torí ẹsẹ̀ la fi rin èyí tó kù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń gbé agbègbè yìí. Wọ́n ti la títì. Katapílà kan dábùú ọ̀nà, wọ́n fa okùn pupa, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan àti òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò sí pátákó kankan tó sọ pé ẹ gba ibí. Awakọ̀ wa yà sí ọ̀nà ẹ̀bùrú láàárín ilé, àṣé àwọn tó ti ṣáájú wa yà síbẹ̀ ti pọ̀ débi pé a ò lè lọ síwájú, a ò sì lè padà sẹ́yìn. Màmá kan tó gbé igbá ẹ̀kọ sórí itan béèrè pé, "Bàbá, ìgbà wo ni wọ́n máa ṣí i?" Awakọ̀ ní, "Màmá, bí mo bá mọ̀, ṣé mi ò ní sọ fún yín ká tó kúrò ní gáréèjì?"

Ìdáhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi látọjọ́ náà. Mi ò tíì rí ará Èkìtì kan tó ń bínú pé wọ́n ń ṣe ọ̀nà. Ọ̀nà tó bàjẹ́ ti jẹ wá níyà pẹ́, a mọ iye táyà tó ti bẹ́, a mọ àwọn tí kò délé. Ohun tó ń dun àwọn èèyàn ni pé wọ́n á tú títì láìsọ fún ẹnikẹ́ni ọjọ́ tí wọ́n máa tú u, iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi dí i, àti ibi tí wọ́n fẹ́ kí aráàlú gbà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àsìkò bọ́ọ̀lù gan-an?

Ìbéèrè tí mo gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn tí a jọ rìn lọ́jọ́ yẹn nìyí. Àwọn kan tiẹ̀ gbà pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò ló ń pín iṣẹ́ ọ̀nà fún wa.

Ní Èkìtì, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, á máa rọ̀ títí wọ oṣù kẹwàá, àyàfi ìsinmi díẹ̀ tó máa ń ṣe ní oṣù kẹjọ. Bí wọ́n bá la ilẹ̀ nígbà yẹn, yẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ọ̀nà á ti di ẹrẹ̀ kí róólà tó gun orí rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ yẹn fẹ́ omi díẹ̀ kó tó lè ki pọ̀ dáadáa, àmọ́ bí omi bá ti pọ̀ jù, kò ní gbà mọ́. Ọ̀dà tí wọ́n bá sì dà lé ilẹ̀ tútù kì í pẹ́. Omi tó há sábẹ́ á máa wá ọ̀nà jáde, táyà á máa tẹ̀ ẹ́ láti òkè, títì á bẹ̀rẹ̀ sí í là, ibi tó là á di ihò, ihò á di kòtò. Gbogbo wa la mọ irú ọ̀nà tí wọ́n sáré ṣe nínú òjò, tí wọ́n tún padà wá ń dí kòtò rẹ̀ kí ọdún tó yípo.

Nítorí náà, agbaṣẹ́ṣe tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dúró de ẹ̀rùn. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, nǹkan bí oṣù márùn-ún ló ní lọ́wọ́ láti fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọdún kan.

Ó wá ṣe wẹ́kú pé oṣù márùn-ún yẹn náà ni gbogbo nǹkan yòókù wọ́ sí. Líìgì bọ́ọ̀lù ọkùnrin ilẹ̀ wa máa ń gbéra ní ìparí oṣù kẹjọ tàbí nínú oṣù kẹsàn-án, á sì lọ títí wọ oṣù karùn-ún ọdún kejì. Ti àwọn obìnrin, níbi tí Ekiti Queens tiwa ti ń gbá, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin. Àsìkò yẹn náà ni àwọn ọmọ wa láti Èkó àti Àbújá ń bọ̀ wálé. Ìgbà náà ni ìgbéyàwó pọ̀, tí ìnáwó òkú àgbà pọ̀, tí ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe ìkórè. Gbogbo wọn ló fẹ́ gba títì kan náà tí katapílà wà lórí rẹ̀.

Ẹ ò lè sún òjò síwájú. Ẹ ò sì lè ní kí líìgì gbogbo Nàìjíríà dúró nítorí Adó. Ohun tó kù ni pé kí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà àti àwọn tó ń ṣètò bọ́ọ̀lù jọ wo kàlẹ́ńdà kan náà.

Ìlú tí gbogbo ọ̀nà ń já sí

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, 1996 ni wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, tí Adó sì di olú ìlú. Kó tó dìgbà yẹn, Adó ti tóbi, àmọ́ kò tíì ní ọ́fíìsì ìjọba tó báyìí, kò ní ọkọ̀ tó báyìí, kò sì ní akẹ́kọ̀ọ́ tó báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú títì tí à ń rìn láàárín ìlú lónìí, ìlú tó kéré sí èyí ni wọ́n là á fún.

Ẹ wá wo bí ìlú náà ṣe rí. Àpáta ló yí wa ká, ilé ń gun òkè, ilé ń sọ̀ kalẹ̀. Níbi tí àpáta bá ti dé, ọ̀nà gbọ́dọ̀ yà, bí kò bá yà, wọ́n á fi àdó-olóró fọ́ àpáta náà. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní títì tó jọra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ẹni tí ọ̀kan bá dí mọ́ á kàn bọ́ sí èkejì. Bí wọ́n bá ti pa ojú ọ̀nà kan dé, àárín ilé àwọn èèyàn ló kù láti gbà, títì tí kò ní gọ́tà, tí mọ́tò méjì ò lè kọjá lára wọn.

Àwọn ọ̀nà ńlá náà sì ń pàdé ní Adó bí ìka ṣe ń pàdé ní àtẹ́lẹwọ́: ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ tó lọ sí Àkúrẹ́, ọ̀nà Ìyìn àti Ìgèdè tó gba Aramọkọ lọ sí Iléṣà, ọ̀nà Ìlawẹ̀, ọ̀nà Ìworòkò tó lọ sí Ìfàkì, àti ọ̀nà Ìjàn. Ẹni tó ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Ìfàkì kò ní nǹkan kan í ṣe ní Adó, síbẹ̀ Adó ló máa gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì tó ń gbé ìlú wà lójú ọ̀nà Ìworòkò láràárọ̀. Ti Pólì Ìjọba Àpapọ̀ wà lójú ọ̀nà Ìjàn. Bí a bá wá kó àwọn tó ń lọ wo bọ́ọ̀lù pọ̀ mọ́ wọn, tó jẹ́ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣíwọ́ ní aago mẹ́rin, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Afárá tí wọ́n ṣí ní 2018 mú ìrọ̀rùn díẹ̀ wá sáàárín ìlú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, tó bá títì tó dí níwájú, orí afárá náà ló máa tò sí.

Ní ti ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di orin lẹ́nu àwọn ará Èkìtì. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, ó gba Ìkẹ́rẹ́, Ìjù àti Ìtaògbólú. Nígbà tó burú jù, àwọn awakọ̀ á gba Ìlawẹ̀ àti Ìgbàrà-Odò, wọ́n á já sí Ìgbàrà-Òkè lójú ọ̀nà Iléṣà, wọ́n á tún wá yí orí ọkọ̀ sí Àkúrẹ́. Ẹ fojú inú wo ẹni tó fẹ́ wá wo bọ́ọ̀lù wákàtí kan àti ààbọ̀ láti Àkúrẹ́, tó wá rin irú ìrìn yẹn ní àlọ, tó tún fẹ́ rìn ín ní àbọ̀.

Ohun tí iṣẹ́ náà fi ń pẹ́

Ẹni tó bá kọjá láàárọ̀, tó rí i pé kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ nínú kòtò tí wọ́n gbẹ́, á sọ pé wọ́n ti sá lọ. Nígbà míì, òótọ́ ni, owó ti tán. Àmọ́ nígbà míì, kọnkéré ni wọ́n ń dúró dè. Kọnkéré tí wọ́n fi ṣe gọ́tà tàbí ihò omi abẹ́ ọ̀nà máa ń le díẹ̀díẹ̀ ni, 28 ọjọ́ sì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń kà kí wọ́n tó sọ pé ó ti lágbára tó. Bí wọ́n bá jẹ́ kí tírélà oníyanrìn gorí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó lè sán lábẹ́ ilẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, títì á sì rì síbẹ̀ lọ́dún kejì. Ìdádúró bẹ́ẹ̀ tọ̀nà. Ì bá tiẹ̀ dára kí wọ́n kọ ọ́ sí ara pákó kan: "A ń dúró de kọnkéré, ọjọ́ báyìí la máa ṣí i." Pákó kan àti ọ̀dà ìkọ̀wé, iye wo ni?

Ohun kejì ni àwọn nǹkan tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Páìpù omi wà níbẹ̀, òmíràn ti pẹ́ gan-an. Wáyà iná wà. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì náà ti wá kún un. Ní 2020, Ìpínlẹ̀ Èkìtì dín owó tí ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ máa ń san láti gbẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà kù láti ₦4,500 sí ₦145 fún mítà kan, kí íntánẹ́ẹ̀tì lè dé ibi tó pọ̀. Ohun rere ni, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ó ju ẹyọ ẹnì kan lọ tó ń gbẹ́lẹ̀ báyìí. Bí ẹni tó ń ri wáyà kò bá mọ ìgbà tí ẹni tó ń da ọ̀dà máa dé, èyí á ṣe tiẹ̀ tán, èkejì á wá tú u. Mo ti rí títì tuntun tí wọ́n gé lójú mi, tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán.

Ohun kẹta ni pé kì í ṣe ìjọba kan náà ló ni gbogbo ọ̀nà. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ọ̀nà wa jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ìdá 15 jẹ́ ti ìpínlẹ̀, èyí tó kù jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ìdá 18 yẹn ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tó ń ti ìlú kan bọ́ sí èkejì. Aráàlú kì í mọ ibi tí ti Àbújá parí sí àti ibi tí ti Adó ti bẹ̀rẹ̀, títì kan náà ló rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìpínlẹ̀ máa ń fi owó wọn tún ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ṣe, wọ́n á wá máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá a padà fún wọn. Nígbà tí ẹjọ́ owó bá ń lọ, kòtò á wà níbi tó wà. Ẹni tí ọ̀nà já lé lórí ní ẹnu ilé rẹ̀ kò ní ẹnì kan pàtó tó lè lọ bá.

Ẹni tó ń san án

Ṣáájú ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo bẹntiróòlù kò tó ₦200. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó kọjá ₦500. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Nítorí náà, yíyà tí ọkọ̀ yà gba ọ̀nà tó jìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkókò nìkan mọ́. Awakọ̀ tó fi wákàtí kan tan ẹ́ńjìnnì lójú kan á bu owó yẹn lé owó ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sì sí bí a ṣe máa dá a lẹ́bi. Màmá ẹlẹ́kọ yẹn ló máa san án. Ọlọ́kadà tó mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú á gbé owó rẹ̀ sókè, ọ̀dọ́ tó fi owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì á fi ẹsẹ̀ rìn.

Ó ń kan àwọn tó ń tajà lẹ́nu pápá náà. Àwọn tó ń ta ẹ̀pà, omi inú ọ̀rá àti súyà ń dá ọjà lé ìrètí pé èrò máa dé ní aago mẹ́ta. Bí èrò bá dé ní aago márùn-ún, tí wọ́n ń sáré wọlé, wọn ò ní dúró rajà. Bọ́ọ̀lù obìnrin ló tún ń dùn mí jù níbẹ̀, torí èrò tó ń wá wò ó kò tíì pọ̀ tó bó ṣe yẹ. Bàbá tó bá mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, tí ojú wọn rí tó báyìí, ó lè má mú un wá mọ́.

Orúkọ tó wà lára pápá yẹn pàápàá yẹ kó mú wa ronú. Olúyẹmí Káyọ̀dé wà lára àwọn mẹ́rin tó sáré fún Nàìjíríà nínú eré ìje 4×100 mítà ní Òlíńpíìkì Barcelona ní 1992, òun pẹ̀lú Chidi Imoh, Ọlápàdé Adéníkẹ̀ẹ́ àti Davidson Ezinwa. Ìṣẹ́jú àáyá 37.98 ni wọ́n fi sá a, wọ́n gba fàdákà. Àwọn ará Cuba tó gba idẹ lo 38.00. Lẹ́yìn ọdún méjì, ní 1994, Káyọ̀dé kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ojú títì ló gba ọkùnrin tó yára tó báyẹn lọ́wọ́ wa. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2025 náà, ó lé ní 20 nínú àwọn eléré ìdárayá Ìpínlẹ̀ Kano àti àwọn òṣìṣẹ́ tó bá wọn lọ tó kú sójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń darí bọ̀ láti ìdíje orílẹ̀-èdè tó wáyé ní Ògùn. Nígbà tí mo bá ní kí wọ́n fi iná sí ẹ̀bá kòtò, mi ò sọ ọ́ nítorí àtidé pápá lásìkò nìkan.

Ohun tí a ń béèrè kò le. Kí ẹni tó bá fẹ́ dí ọ̀nà kéde rẹ̀ lórí rédíò lédè Yorùbá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ ní gáréèjì, torí gáréèjì ni aráàlú ti ń gbọ́ ìròyìn ọ̀nà. Kí wọ́n gba ètò bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó eré ìdárayá, kí katapílà sì kúrò lójú títì láti ọ̀sán ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà, ó kéré tán kí wọ́n ṣí apá kan. Ọ̀nà ẹ̀bùrú tí wọ́n bá mọ̀ pé ọkọ̀ máa yà sí, kí wọ́n kọ́kọ́ da òkúta sí i, kí wọ́n fi ẹni tó máa darí ọkọ̀ síbẹ̀, kí ó jẹ́ àlọ nìkan tàbí àbọ̀ nìkan. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn gbọ́dọ̀ lè wọ pápá kó sì jáde. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá ṣubú tí kò dìde lọ́jọ́ tí a lọ yẹn, mi ò mọ ibi tí wọn ì bá gbé e gbà.

Bọ́ọ̀lù aago mẹ́rin máa ń parí nígbà tó bá kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù. Nínú ẹ̀rùn, òkùnkùn kì í pẹ́ ṣú lẹ́yìn ìyẹn. Èrò á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ wọn lẹ́sẹ̀, ní ẹ̀bá kòtò tó jìn ju ọmọdé lọ tí kò sí iná kankan lẹ́bàá rẹ̀. Bí a ṣe bá a nìyẹn nígbà tí a ń padà. Mo gbé ọmọ náà pọ̀n. Ọlọ́kadà kan ti dá alùpùpù rẹ̀ dúró sí etí kòtò náà, ó tan iná rẹ̀ sí ojú ibi tí ilẹ̀ ti já, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ pé, "Ẹ rọra o, apá òsì, apá òsì." Kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a fi máa rí mọ́tò Ìkẹ́rẹ́, tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì wà níbẹ̀.